Sàráà Lórí Sìmẹ́ńtì

Kọ́bọ̀ oníhò kan já lu ojú ẹṣin náà, ó yí bìrí, ó sì sùn síbẹ̀. Títílọlá kò kọ́kọ́ gbójú sókè. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ṣọ́ọ̀kì pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, gọ̀gọ̀ ẹṣin ni ó ń yà. Ó rò pé owó náà bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ni, àti pé olówó yóò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ ìyá mi," ni obìnrin kan wí lókè orí rẹ̀. "Ọlọ́run yóò wò ọ́ sàn."

Nígbà náà ni ó gbójú sókè. Obìnrin náà sanra, ó fi ìborùn tuntun lé èjìká, ó sì ti ń kọjá lọ.

"Ẹ dákun, mà," ni Títílọlá pè é. "Owó yín bọ́."

"Kò bọ́. Ìwọ ni mo fún."

"Owó kí ni, mà?"

Obìnrin náà dúró. Ó wo ọ̀pá méjì tí Títílọlá fi ń ti abíyá rìn, tí wọ́n wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tí ó tín-ín-rín, tí ó ká sí abẹ́ yẹ̀rì. Kò wo ẹṣin rárá.

"Owó kí ni kẹ̀? Owó pẹ̀lẹ́ ni."

"Iṣẹ́ ni mo ń ṣe, mà. Ẹ kú iṣẹ́ ni wọ́n ń kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo?" Kò fi í ṣe ẹ̀sín, ó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́.

"Àwòrán tí ẹ dúró lé lórí yìí."

Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan, ó wo abẹ́ rẹ̀. "Ó jọ ẹṣin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Àìkú ni pé kí á mú ọrẹ àánú wá fún àwọn arọ. Èmi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́. Gbà, fi mu ẹ̀kọ."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Títílọlá mú kọ́bọ̀ náà kúrò. Etí owó náà ti họ ṣọ́ọ̀kì dànù, ẹṣin sì ti di olójú kan.

"Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, Mísì," ni Hajarat wí láti orí ìpín sìmẹ́ńtì tí òun náà ń yàwòrán sí. "Òun náà ti wọ ẹgbẹ́ wa."

Hajarat kì í pẹ́ rí ohun tí yóò fi ṣe ẹ̀rín. Láti kékeré ni iná ti jó ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí wọ́n sì gé e ní ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń ya lọ́rì ńlá kan tí ó kún fún ènìyàn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti ń wọ ọkọ̀ wá sí Ọ̀yọ́ ní gbogbo Sátidé.

"Ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wí fún mi pé òun ò lè gba ohun tí wọ́n fi ọwọ́ òsì yà," ni ó tún wí. "Mo ní kó lọ bá mi wá ọ̀tún náà wá, kí n fi tún un yà."

Títílọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣe é bí ẹni tí ó gbé eṣinṣin mì nínú omi tí ó rò pé ó mọ́.

Kì í ṣe bí àwọn àti ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn ìlú ṣe fẹnu kò ní ìpàdé nìyí. Gbọ̀ngàn náà wà ní Òwódé, wọ́n sì ti da sìmẹ́ńtì sí gbogbo iwájú rẹ̀. Títílọlá, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú náà, ni ó mú àbá wá pé kí wọ́n fi ìlà pín ilẹ̀ náà sí ìpín-ìpín. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìpín kan yóò sanwó rẹ̀, yóò sọ ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n yà sí i, onífọ́tò yóò sì ya òun àti àwòrán rẹ̀ pọ̀. Owó tí ó bá wọlé, wọn yóò fi kọ́ yàrá kan sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, yàrá ilẹ̀, tí kò ní àtẹ̀gùn kankan, fún kíláàsì àwòrán tí ó ń kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní ọ̀sán Sátidé.

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá tí ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn yá wọn, ìta gbangba ni àtẹ̀gùn rẹ̀ sì wà. Alábàárù ni í pọn Bàbá Àlàmú, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, gùn ún, yóò sì máa pariwo pé kí wọ́n yà fún òun, bí ẹni tí ó ru àpò gààrí. Títílọlá fúnra rẹ̀ a máa fi ìdí wọ́ gòkè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yóò gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, kí ó tó wọlé lọ kọ́ àwọn ènìyàn. Nígbà òjò tó kọjá, àtẹ̀gùn náà yọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ṣubú, wọn kò sì padà wá mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ó mọ àwòrán yà jù lọ. Títílọlá mọ̀ pé bí òjò mìíràn bá bá wọn lórí àtẹ̀gùn yẹn, kíláàsì ti tú nìyẹn.

Ó yíjú sí apá ọ̀tún rẹ̀. Bàbá Àlàmú ni ó wà níbẹ̀, ẹni tí ó ti ń fín igbá fún ogójì ọdún kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ní ọsibítù. Ọnà igbá ni ó ń yà sórí sìmẹ́ńtì, rogodo kan nínú òmíràn. Ó tẹ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń fi sùúrù ṣa kọ́bọ̀ tí ó bá bọ́ sórí ọnà rẹ̀ sínú fìlà náà.

"Bàbá," ni Títílọlá pè é, "kí ni Lèmọ́mù wí ní mọ́ṣáláṣí yín lánàá?"

"Ó ní kí á mú sàráà wá fún àwọn tí Ọlọ́run dán wò, ní iwájú gbọ̀ngàn. Mo ṣe àmín."

"Ẹ ṣe àmín?"

"Mi ò mọ̀ pé èmi ni."

Hajarat da ojú délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ara rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

"Ìgbà tí kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lù mí ni mo tó mọ̀," ni Bàbá Àlàmú wí. "Máa rẹ́rìn-ín, Hajarat. Ìwọ náà wà nínú àdúrà náà."

"Kò bí yín nínú, Bàbá?" ni Títílọlá béèrè.

"Kí ni yóò bí mi nínú? Sàráà kì í ṣe èébú. Èmi náà ti ṣe é fún ẹlòmíràn nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ méjì rìn." Ó mú kọ́bọ̀ kan sí i. "Ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò. O ní ilé ni a fẹ́ fi owó òní kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó yẹ kí o lọ bi Akọ̀wé ìgbìmọ̀ dáadáa. Bí wọ́n ṣe dárúkọ owó ni wọ́n ń ná an. Ohun tí ènìyàn bá pè ní sàráà, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. N kò rí ibi tí wọ́n ti fi ra pákó rí."

Títílọlá yíjú padà sí ẹṣin rẹ̀. Kò ì tíì rò ó débẹ̀. Gbogbo èrò rẹ̀ láti àárọ̀ wà lórí ìtìjú. Kò mọ̀ pé nínú orúkọ tí wọ́n fún owó náà ni yàrá rẹ̀ ti fẹ́ bọ́ sọnù.

Kò tíì ya gọ̀gọ̀ náà tán tí Akọ̀wé fi dé. Ọ̀gbẹ́ni Stephen Ọláníyì, akọ̀wé ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn, wọ ṣòkòtò péńpé funfun àti ìbọ̀sẹ̀ tí ó fà dé orókún. Ó to abọ́ tánganran jọ sí àyà, ó sì ń gbé e kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú àwọn ayàwòrán.

"Mísì, o kú ìjókòó," ni ó wí, ó sì gbé abọ́ kan sí orí ìrù ẹṣin.

Títílọlá gbọ́ "o" náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, "ẹ" ni ọkùnrin yìí fi ń bá a sọ̀rọ̀: ẹ káàárọ̀ Mísì, ẹ jókòó, kí ni ẹ rò sí i. Ó wá ohun tí ó yí padà láàárín àná àti òní. Kò rí i, àfi pé àná ó dúró, òní ó jókòó sílẹ̀.

"Kí ni abọ́ yìí wà fún, sà?"

"Kí owó má baà máa ba àwòrán jẹ́. Ṣé o rí i pé mo ń rò ó fún yín."

"Ta ló ní kí wọ́n kéde ọrẹ àánú ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi ni. Ní mọ́ṣáláṣí, mo ní sàráà. Èdè tí kálukú ń gbọ́ ni mo fi bá a sọ ọ́."

"Ohun tí a jọ sọ ni pé kí wọ́n wá ra àwòrán."

"Mo gbìyànjú rẹ̀." Ó lóṣòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ fi ọmọdé lọ́kàn balẹ̀. "Mo kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníṣòwò ní ọjà Àkẹ̀sán. Wọ́n ní ta ni yóò ra ohun tí kò lè gbé lọ sílé? Bí mo ṣe ní àwọn arọ ni, gbogbo wọn ki ọwọ́ bọ àpò. Àánú ń tà, Mísì. Àwòrán kò tà."

"Yàrá ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o ti fi sùúrù gbọ́ mi. Bí mo bá fi owó àánú ra sìmẹ́ńtì, wọn yóò ní Stephen ti jẹ owó arọ. Èmi kì í jẹ owó olówó. Gbogbo Ọ̀yọ́ mọ̀ mí. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un wá ni a ó fi ṣe. A ó ra gààrí, iyọ̀ àti aṣọ, a ó sì pín in fún yín ní gbangba. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba n'Íbàdàn tí yóò bá wa pín in."

"Mi ò bẹ̀ yín ní gààrí, sà."

"Ṣé ó dìgbà tí o bá bẹ̀ mí kí n tó mọ̀ pé o nílò rẹ̀?"

"Olùkọ́ ni mí. Mò ń gba owó oṣù. Aṣọ tó wà lọ́rùn mi yìí, èmi ni mo rà á."

"Mo rí i. Òun gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ." Ó nàka sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Aago yẹn. Bọ́ ọ sínú báàgì ná. Kò ní dára kí ọ̀gá dé kí ó bá ọ nílẹ̀ pẹ̀lú aago góòlù."

"Kì í ṣe góòlù."

"Ó ń dán. Ìyẹn náà ti tó."

Títílọlá wo ojú ọkùnrin náà. Kò rí ìkà níbẹ̀, kò rí àrékérekè. Ìbá ṣe pé ojú olè ni ó rí, ara ìbá tù ú. Ojú ẹni tí ó dá lójú pé oore ni òun ń ṣe ni ó rí, ojú tí ó rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á, ó sì rí i lára.

"N kò ní bọ́ ọ," ni ó wí.

Stephen mí kanlẹ̀, ó dìde, ó sì kọjá sọ́dọ̀ Bàbá Àlàmú. "Bàbá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò yẹn sókè díẹ̀, kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n ti gé e."

"Kí wọ́n rí i kí wọ́n lè ṣe kí ni sí i?"

"Kí àánú lè ṣe wọ́n, Bàbá."

Bàbá Àlàmú fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ìwọ náà bọ́ ṣòkòtò tìrẹ, kí n wò ó bóyá àánú rẹ yóò ṣe mí."

Àwọn tí ó dúró nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Stephen bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ìka rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì kùn, ó sì lọ kí àwọn ìgbìmọ̀ tí ó ń dé.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ọkọ̀ ọ̀gá láti Ìbàdàn dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí ibòmíràn tí ènìyàn lè gbà dé orí pèpéle gbọ̀ngàn ju orí sìmẹ́ńtì yẹn lọ. Orí àwòrán ni gbogbo wọn gbà. Ọ̀gá náà ṣáájú, ó ń yí orí sí ọ̀tún, ó ń yí i sí òsì, ó ń wí pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́," bí ẹni tí ń fọ́n irúgbìn. Bàtà rẹ̀ gba orí ọnà Bàbá Àlàmú kọjá, ó gba àárín lọ́rì Hajarat, ó tẹ ẹṣin ní ikùn, ó sì fi àmì pupa sí orí àtẹ̀gùn bí ó ti ń gòkè.

"Ó pa èrò inú lọ́rì mi mẹ́ta," ni Hajarat wí. "Kò tilẹ̀ dúró."

Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí pèpéle. Àwọn ayàwòrán jókòó sí ìsàlẹ̀, nínú oòrùn, wọ́n ń gbọ́ orúkọ àwọn tí ó ní àánú lójú. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ àwòrán. Lẹ́yìn èyí, ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n dúró ti Títílọlá, ọ̀kan sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ láìsọ ohunkóhun.

"Kí lẹ fẹ́?"

"Akọ̀wé ló ní kí á gbé arọ tó jẹ́ tíṣà wá sókè," ni ọkùnrin náà wí fún ẹnìkejì rẹ̀, kì í ṣe fún un. "Òun ni yóò gba ti gbogbo wọn."

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lára mi."

"Ẹ má bínú, kò wúwo," ni ẹnìkejì wí. "A ó rọra gbé e."

"Mo ní ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò."

Wọ́n gbé e kúrò. Títílọlá fa ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó tì wọ́n bọ abíyá, ó sì dìde fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri, gbogbo ènìyàn sì ń wò ó. Kò gun àtẹ̀gùn náà. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí Stephen fi sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀gá náà létí, tí àwọn méjèèjì fi sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Aṣọ tuntun kan tí wọ́n ká wà lọ́wọ́ ọ̀gá, kóńgò iyọ̀ kan sì wà lórí rẹ̀. Onífọ́tò ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ó ti ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú.

"Ẹ má mira," ni onífọ́tò wí láti inú aṣọ.

"Gbà, arábìnrin," ni ọ̀gá náà wí. "Kí Olúwa rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Mo dúpẹ́, sà. Mi ò gbà á."

"Kí ló wí?" ni ọ̀gá náà bi Stephen.

"Ojú ń tì í ni, sà."

"Ojú kò tì mí," ni Títílọlá wí. "Èmi kọ́ ni mo béèrè aṣọ. Yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn ni a béèrè, kí a lè máa kọ́ àwòrán níbẹ̀. Àwa ni a ya gbogbo èyí tí ẹ fi bàtà tẹ̀, sà. A fẹ́ kí ẹ sanwó rẹ̀ ni."

Kíkùn bẹ̀rẹ̀ láàárín èrò. "Ẹ ò rí arọ agbéraga," ni obìnrin kan wí. Ẹlòmíràn ní, "Bó bá ní ẹsẹ̀ tó gún, báwo ni ìgbéraga rẹ̀ ì bá ti tó?" Wọn kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá náà di aṣọ àti iyọ̀ mú, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. "Yàrá wo ló ń wí?"

"À ń rò ó, sà," ni Stephen wí.

"Ó dára. Ẹ máa rò ó."

Ó yí aṣọ náà sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin afọ́jú kan tí ó wà nítòsí, tí kì í tilẹ̀ ṣe ará kíláàsì. Ó ń kọjá lọ ni, ó sì gbọ́ ariwo, ó dúró. Afọ́jú náà gba aṣọ, ó gbàdúrà gígùn. Onífọ́tò tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ọ̀gá ti lọ, tí èrò sì ń túká, Bàbá Àlàmú jókòó sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú àpò gààrí kékeré kan tí wọ́n pín fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mo gbà á, Mísì," ni ó wí. "Má wò mí bẹ́ẹ̀."

"Mi ò wò yín, Bàbá."

"O wò mí. Ilé mi kún, n kò sì rí igbá fín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ ní owó oṣù."

Òótọ́ ni. Títílọlá gbé ojú rẹ̀ kúrò lára gààrí náà. Kò dùn mọ́ ọn nínú pé ìríra tí ó ń gbé kiri láti àárọ̀ ti fẹ́ kan arúgbó yìí náà.

Stephen padà dé. Àágùn ti mú kọ́là rẹ̀ rọ̀. "Mísì, ẹ dójú tì mí lónìí," ni ó wí. "Ẹ dójú ti ara yín náà."

"Ẹ" ti padà. Títílọlá wà ní ìdúró, ìyẹn ni.

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè rèé, sà." Ó yọ ọ́ nínú báàgì. "Mi ò ní gun àtẹ̀gùn yín mọ́. Mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n pọn Bàbá gòkè mọ́."

"Níbo ni ẹ ó ti máa ṣe kíláàsì?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀, ẹ sì ń dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ìbínú ni."

"Kì í ṣe ìbínú. Ẹ ti kó mi nírìíra ni, sà. Ó yàtọ̀."

Stephen gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó wò ó bí ẹni pé wọ́n gbé ohun ẹlòmíràn lé e lọ́wọ́, ó sì lọ. Hajarat ń kó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ jọ. Kò rí ohun kankan fi ṣe ẹ̀rín. Òun ni ó kọ́kọ́ rí ọkùnrin tí ó sọdá títì bọ̀, ẹni tí aṣọ rẹ̀ kún fún gíríìsì. Mùnírù ni orúkọ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni ó ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí ó kọjú sí gbọ̀ngàn. Láti àárọ̀ ni ó ti ń wò wọ́n láti ibẹ̀, kò sì ju kọ́bọ̀ kankan sí ẹnikẹ́ni.

Ó dúró lórí ẹṣin, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ta ló ya eléyìí?"

"Èmi ni," ni Títílọlá wí.

"Orókún rẹ̀ ti ẹ̀yìn kò gún."

"Ẹṣin tó ń sáré ni."

"Kò jọ èyí tó ń sáré. Ó jọ èyí tó fẹ́ jókòó." Ó tún wò ó. "Orí rẹ̀ dára ṣá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da sìmẹ́ńtì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fẹ́ kẹ̀kẹ́ sí i, kó tóbi, kí ẹni tó wà nínú lọ́rì lè rí i. Èló lẹ máa gbà?"

"Ṣílè márùn-ún."

"Ohun tí òjò máa fọ̀? Ẹ gbà ṣílè kan."

"Bí òjò bá fọ̀ ọ́, ẹ ó tún pè mí."

"Kí n tún sanwó mìíràn? Ìyà kí ni mo fi jẹ yín?" Ó yíjú sí Hajarat. "Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín. Ó ti wọ́n jù."

"Ó wọ́n lóòótọ́," ni Hajarat wí, "ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń yà á."

"Ẹ gbà méjì, kí ẹ kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀."

"Márùn-ún, orúkọ wà nínú rẹ̀."

"Iye tí mo fi ra táyà lẹ ń pè yẹn. Ẹ fẹ́ gbé mi gbẹ. Ó di ìgbà mìíràn."

Mùnírù kọ̀yìn sí wọn, ó ń lọ. Títílọlá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Láti àárọ̀, kò sí ẹnì kan tí ó ní ohun tí ó ṣe ti wọ́n jù. Wọ́n ti fún un ní kọ́bọ̀, ní abọ́, ní iyọ̀; kò sí ẹni tí ó bá a ná an.

"Ẹ pè é padà," ni Hajarat wí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mísì, owó kan nìyẹn tí a lè fi ra sìmẹ́ńtì."

"Mo mọ̀."

"Ẹ kúkú pè é kó san mẹ́ta."

"N kò ní pè é."

Ọkùnrin náà rọra ń rìn, bí gbogbo ẹni tí ó ń ná ọjà ti í rìn nígbà tí ó ń dúró de ìpè. Ó dé etí gọ́tà, ó dúró, ó tún okùn bàtà rẹ̀ tí kò tú dè. Ó bojú wẹ̀yìn. Títílọlá ń ṣa ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sínú agolo, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, kò sì wò ó. Mùnírù yọ ṣùtì, ó yí padà, ó sì tún sọdá sórí sìmẹ́ńtì náà.

"Ṣé ẹ ò ní pe ènìyàn ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ó di ìgbà mìíràn."

"Ènìyàn líle ni yín o. Ẹ gbà mẹ́rin. Kó ní bẹ́ẹ̀lì, kó ní iná níwájú."

"Bẹ́ẹ̀lì àti iná, ó di márùn-ún padà."

"Mẹ́rin àbọ̀. Bí ẹ ò bá gbà, mo lọ tán nìyẹn."

Títílọlá ti agolo bọ báàgì. Ó ti ọ̀pá ọ̀tún mọ́ abíyá dáadáa kí ó lè dúró ṣinṣin.

"Mo gbà, mẹ́rin àbọ̀. Ẹ san méjì sílẹ̀ ná," ni ó wí, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú ọkùnrin náà, ó ń dúró.